Omi Tó Ń Jẹ Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Àtijọ́, Inú Ẹ́ńjìnnì Ló Ti Ń Wá

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Nínú ìwé tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kọ sí wa láti yá owó, èyí tó jẹ mọ́ àtúnṣe ọkọ̀ kì í wọ́n níbẹ̀, bí a bá sì ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, a óò bá sàlẹ́ńsà níbẹ̀. Ọkọ̀ àwọn kan nínú wa dàgbà ju àkọ́bí wọn lọ. Peugeot 504 wà níbẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Píjò. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá wà níbẹ̀, títí kan Morris Minor tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Àwọn kan ń fi ti wọn kó ọjà, àwọn kan ń fi gbé ìyàwó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn kàn ń tọ́jú tiwọn nítorí ìrántí. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń dun èmi akọ̀wé yín ni pé ènìyàn á ra sàlẹ́ńsà tuntun lónìí, kó tó di ọdún kejì ìdí rẹ̀ á ti lu, a óò tún jókòó láti kọ ìwé ẹ̀yáwó mìíràn.

Ẹ rántí pé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ọdún 1968 ni Píjò 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to tiwa pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó. Ní 2003 ni wọ́n ṣe Ìjàpá ayé àtijọ́ tó kẹ́yìn pátápátá, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Nítorí náà èyí tó kéré jù lọ nínú wọn láyé ti lé ní ogún ọdún. Sàlẹ́ńsà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ ti di ohun àwátì. Èyí tí a ń rà báyìí, àfarawé ni, tàbí èyí tí àwọn jórinjórin fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Ẹni tí tirẹ̀ ṣì dára, kó yáa mọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀.

Bí ẹ bá bi ènìyàn mẹ́wàá pé kí ló ń mú kí sàlẹ́ńsà dípẹtà, mẹ́sàn-án á ní òjò ni. Òjò ń dá kún un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ wo ẹnu páìpù ọkọ̀ ní kùtùkùtù, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì. Omi á máa kán tó-tó-tó sílẹ̀, àwọn ọmọdé á ní ọkọ̀ ń tọ̀. Níbo ni omi yẹn ti wá? Òjò kò rọ̀, a kò sì da omi sí i.

Inú bẹntiróòlù ló ti wá. Ohun kan wà nínú bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní háídírójìn. Bí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, háídírójìn yìí á pàdé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, àwọn méjèèjì á sì di omi. Ó lè yà yín lẹ́nu: lítà epo kan tó bá jó tán, omi tó ń ti ara rẹ̀ jáde súnmọ́ lítà kan. Ẹni tó da lítà 20 sínú táńkì, tó sì jó o tán, bí ẹni pé ó da kẹ́ẹ̀gì omi kan gba inú sàlẹ́ńsà ni. Imí-ọjọ́ díẹ̀ tún wà nínú epo. Bí òun náà bá jó, tó sì bá omi yìí pàdé, ó ń di ásíìdì, ìbátan omi inú bátìrì. Kò le tó ti bátìrì o, ṣùgbọ́n kì í sinmi.

Bí ọkọ̀ bá ń rìn dáadáa, kò sí wàhálà, nítorí gbogbo páìpù ti gbóná, omi yìí á di ooru, ẹ̀fúùfù ẹ́ńjìnnì á sì gbá a jáde. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé iwájú àti ẹ̀yìn kì í gbóná pọ̀. Páìpù tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì ń gbóná dé ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún dígíríì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n agolo tó wà lẹ́yìn pátápátá jìnnà sí iná. Omi kò sì ní hó títí yóò fi di 100 dígíríì. Bí a bá tan ọkọ̀, tí a wà á dé ọjà tí kò ju kìlómítà méjì lọ, tí a sì pa á, agolo ẹ̀yìn kò tíì gbóná rárá. Ooru tó dé ibẹ̀ á di omi padà, á sùn sí ìdí agolo, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti inú. Ìdí nìyẹn tí àwọn mẹkáníìkì fi ń sọ pé agolo ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ kú. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, bí iná ṣe ń rìn nínú páìpù ni.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ wọn jù kò ní fẹ́ gbọ́. Àgbà ọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa, oníṣòwò páànù, tó ní Píjò 504 tó ń tàn yanran. Ọkọ̀ náà kì í jáde àfi bí ayẹyẹ bá wà. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, bàbá á tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, á nù ún, á pa á, á fi aṣọ bò ó. Nígbà tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, wọ́n tú u sílẹ̀. Ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì dára, ṣùgbọ́n bí jórinjórin ṣe fi òòlù kàn án, ìdí rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ bí ewé gbígbẹ. Bàbá bi mí pé, "Akọ̀wé, kí ni mo tún máa ṣe tí n kò ṣe? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mò ń tan án!" Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ń tan án yẹn ló pa á." Inú wọn kò dùn sí mi lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìṣẹ́jú 5 tó láti pọn omi sínú sàlẹ́ńsà, kò sì tó láti gbẹ ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pọn òmíràn sí i.

Nítorí náà, bí ẹ kò bá ní ráyè wa ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lójú títì tó ń sáré díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má tan án rárá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tí a wà á kó gbóná dénú sàn ju ìgbà mẹ́jọ tí a kàn jẹ́ kó máa gbọ̀n ní ojú kan lọ. Bó bá jẹ́ bátìrì ni ẹ ń rò, ẹ tú wáyà kan kúrò lórí rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń ṣáájì bátìrì. Iye tí wọ́n ń gbà kò tó iye sàlẹ́ńsà.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ agolo sàlẹ́ńsà ló ní ihò kékeré kan ní ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ, kò ju mìlímítà 3 lọ. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ lu ú, kí omi lè máa kán jáde. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ jórinjórin, ó rí i pé omi ń kán níbẹ̀, ó ní "Ọ̀gá, ó ti lu o," ó sì jó o pa. Ó rò pé òun ṣe wá lóore. Ẹ sọ fún un kó fi ihò náà sílẹ̀. Bí èyí tí ẹ rà kò bá ní, tí ó sì jẹ́ agolo ẹ̀yìn pátápátá, ẹ lè ní kó lu kékeré kan síbẹ̀. Àgolo ẹ̀yìn nìkan ni mo wí o, ẹ má lu páìpù tó gba abẹ́ ibi tí ènìyàn ń jókòó. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ti ẹ̀yìn ara sàlẹ́ńsà kò ṣòro tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ ni ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹrẹ̀ ń mu omi pamọ́, àti iyọ̀. Àwa tó ń gbé lẹ́bàá òkun mọ ohun tí mò ń sọ, láti Èkó dé Àgbádárìgì. Afẹ́fẹ́ òkun tó ń jẹ páànù òrùlé náà ló ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ máa fi omi lásán ṣan abẹ́ ọkọ̀ dáadáa, pàápàá bí ẹ bá ti etí òkun dé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Irin dídà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n ń pè ní mánífóòdù, lè sán bí omi tútù bá bá a ní gbígbóná. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ sórí koríko. Ìrì tó ń ti ilẹ̀ bọ̀ kò ní jẹ́ kí abẹ́ rẹ̀ gbẹ láéláé. Ọ̀rá tí àwọn kan fi ń bo ọkọ̀ náà kò dára, ó ń há ooru mọ́ abẹ́. Aṣọ òwú ló dára.

Nípa ọ̀dà kíkùn, ọ̀dà lásán kò wúlò níbí, yóò jó dànù lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀dà tí iná kì í jó ni kí ẹ béèrè, èyí tí wọ́n kọ 600 dígíríì sára agolo rẹ̀. Aláwọ̀ fàdákà wà, dúdú náà wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀dà kọ́ ló ṣòro, iṣẹ́ fífọ̀ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha gbogbo ìpẹtà kúrò títí irin á fi tàn, ẹ fi sáńpépà tẹ̀ lé e, kí ẹ wá fi tínà nù ún kí ọ̀rá kankan má kù síbẹ̀. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé ìpẹtà lórí, ó kàn da aṣọ bo egbò ni. Ẹ kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó kun èkejì. Bó bá ti gbẹ, ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú 10, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún tan án fún 20, nítorí iná ló ń mú kí irú ọ̀dà yìí le. Lẹ́yìn náà kí ẹ wà á jáde kí inú rẹ̀ lè gbẹ. Èéfín díẹ̀ á jáde, á sì rùn, kí ẹ má bẹ̀rù. Gbangba ìta ni kí ẹ ti ṣe é.

Àwọn kan ń fi ọ́ìlì àlòkù pa gbogbo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ní bàbá àwọn ló kọ́ àwọn. Lára férémù, mo gbà pé ó ń ṣe díẹ̀. Lára sàlẹ́ńsà kọ́. Ó ń jó, ó ń rú èéfín sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀, ó lè gbaná, ó sì ń jẹ rọ́bà tí wọ́n fi so sàlẹ́ńsà kọ́. Bí rọ́bà bá já, páìpù á máa mì, ibi tí wọ́n jó pọ̀ á sán, ìpẹtà á bá ibẹ̀ wọlé. Rọ́bà yẹn kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó já.

Bó bá wá di dandan pé kí ẹ ra tuntun, ẹ̀yin oníṣòwò ẹ kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn na yín lójà. Bí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀ ní Múṣin tàbí Àràròmí ní Gate, n'Ìbàdàn, ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání. Irin sténlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní 304, tó ń tàn, tó sì wọ́n, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà lẹ̀ mọ́ ọn. Sténlẹ́ẹ̀sì mìíràn wà, 409, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń lò. Mágínẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́ èyí, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n díẹ̀ bó bá pẹ́, ṣùgbọ́n kì í tètè lu. Irin tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò tún wà, òun náà sàn ju irin lásán lọ. Bí òǹtajà bá wá búra pé 304 ni òun ń tà, tí mágínẹ́ẹ̀tì yín sì lẹ̀ mọ́ ọn gbàgbà, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá nájà. Ẹni tó bá ra sténlẹ́ẹ̀sì, kó rí i pé irin ìjórin ti sténlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi jó o. Bí wọ́n bá fi ti irin lásán jó o, ojú ibi tí wọ́n jó ni yóò kọ́kọ́ dípẹtà, owó yín á sì ṣòfò.

Àwọn jórinjórin kan ń fi páìpù omi ṣe sàlẹ́ńsà, èyí tí wọ́n fi síńkì bò bíi páànù. Ó nípọn, kò sì wọ́n, n kò lè sọ pé kò wúlò ní ìhà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n síńkì ń yọ́ ní nǹkan bíi 420 dígíríì, nítorí náà kò lè dúró nítòsí ẹ́ńjìnnì. Èyí tó burú jù ni pé bí wọ́n bá ń jó o, èéfín funfun tó ń jáde lára síńkì ń fún jórinjórin ní ibà. Kó ha síńkì náà kúrò ní ojú ibi tó fẹ́ jó, kó sì jó o ní ìta gbangba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró tì í kó ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ ẹlòmíràn ni.

Ti bóòtù àti nọ́ọ̀tì, n kò ní fi gùn. Nọ́ọ̀tì idẹ ni kí ẹ lò níbi mánífóòdù, kì í dípẹtà mọ́ bóòtù. Kí wọ́n fi gírísì oníbàbà díẹ̀ pa bóòtù kí wọ́n tó dè é. Èyí tó bá ti gan, kí wọ́n ti fi ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rin ín láti alẹ́ ọjọ́ kejì, kí wọ́n má fi agbára já a sínú ẹ́ńjìnnì.

Mo ti sọ pé ìdí kan wà tí a kò fi gbọ́dọ̀ lu ihò sí páìpù abẹ́ ìjókòó. Owó nìkan kọ́ ni ìpẹtà ń jẹ. Nínú èéfín ọkọ̀ ni afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Òun náà ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ sùn. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, ojú á máa ṣú, èébì á máa gbé e, oorun á sì kun ún. Dẹ́rẹ́bà á rò pé àárẹ̀ ọjà alẹ́ àná ni. Bí gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kan náà bá ń ní ẹ̀fọ́rí, tó sì ń lọ bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, kí ẹ má ra oògùn ẹ̀fọ́rí o, ẹ lọ wo abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ̀yin tó ń fi Píjò wágọ́nù kó iṣu àti gàrí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Bí ẹrù bá pọ̀, a máa ń fi okùn so ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sókè ní ṣíṣí, ọmọ kan á sì jókòó ti ẹrù. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń yí padà, á sì fa èéfín ẹnu páìpù wọlé láti ẹ̀yìn. Bí sàlẹ́ńsà tilẹ̀ dára, èyí lè ṣẹlẹ̀. Bó bá wá jẹ́ pé ìdí páìpù ti rà, tí jórinjórin ti gé e kúrú kí ó má baà náni púpọ̀, abẹ́ búùtù gan-an ni èéfín ń tú sí. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ yọ kọjá ara ọkọ̀. Ẹ dín ẹrù kù kí ìlẹ̀kùn lè padé. Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́jọ́ kan, ẹ ṣí fèrèsé iwájú sílẹ̀ gbayawu kí afẹ́fẹ́ máa ti iwájú wọlé, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan jókòó sẹ́yìn níbẹ̀.

Ìjàpá ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó wá láti Jámánì ló ní ohun tí ń mú ọkọ̀ móoru nítorí òtútù ilẹ̀ wọn. Afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ páìpù èéfín kọjá kó lè gbóná, kó tó wọ inú ọkọ̀. A kò nílò ooru níbí, kò sì sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá lu páìpù tó wà nínú rẹ̀, èéfín á gba ọ̀nà náà wọlé tààrà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wò ó, bí kò bá sì dá yín lójú, kó dí ọ̀nà náà pa.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá sàlẹ́ńsà yín ṣì le: nígbà tó bá tutù, ẹ fi igi kàn án wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó dára á dún gooro. Èyí tó ti rà á dún pù, bí ẹni ń lu páálí. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀, bí ẹ bá rí dúdú bí èédú níbẹ̀, èéfín ń jò. Lẹ́yìn èyí, ní ìta gbangba, kí ẹnì kan tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹnì kejì fi aṣọ tó nípọn dí ẹnu páìpù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú, kò sí ihò. Bó bá ń ṣiṣẹ́ lọ, tí ẹ ń gbọ́ ṣíìì lábẹ́ ọkọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Kó pa ẹ́ńjìnnì, kó fi ìtì igi tó le gbé ọkọ̀ dúró, kó sì fi òkúta dí táyà.

Ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì dúró fún oṣù mélòó kan, kó kọ́kọ́ wà á títí yóò fi gbóná dáadáa. Bó bá ti tutù, kó fi àkísà tí wọ́n ti ọ́ìlì díẹ̀ bọ̀ dí ẹnu páìpù, kí ooru òru má baà máa wọlé, kí agbọ́n àti èkúté má sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. Kó wá so aṣọ pupa kan mọ́ sítíárì ọkọ̀, kí ẹni tó bá máa tan án lè rántí yọ àkísà náà kúrò.